Aràn tí Mo Kọ̀wé pé Kò Sí

Ìwé àyẹ̀wò kan wà tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ, tí mo sì fọwọ́ sí nísàlẹ̀, tí n kò ní gbàgbé títí ayé. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ sórí rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ: a kò rí ẹyin aràn. Ìyàwó àbúrò bàbá mi ni mo kọ ọ́ fún, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Ìbejì, oyún oṣù mẹ́rin sì wà nínú wọn lọ́jọ́ náà. Ẹyin aràn kún inú ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n gbé wá. Èmi ni n kò rí i, ìdí tí n kò sì fi rí i wà nínú ìṣẹ̀dá aràn náà gan-an, èyí tí mo rò pé mo ti mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ wá.

Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe, ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní ìlú tí oko kòkó yí ká. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ní oko tiwọn ní ọ̀nà jíjìn sí ìlú, ibẹ̀ sì ni àwọn àti aya wọn ń gbé láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ títí tí ìkórè kòkó yóò fi parí. Nígbà tí Ìyá Ìbejì wá fún ìtọ́jú aboyún, wọn kò ṣàròyé inú rírun tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ó ń rẹ àwọn. Wọ́n ní àwọn kò lè gbé omi láti odò dé ahéré mọ́ láìsọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pé bí àwọn bá gun òkè díẹ̀, àyà àwọn a máa lù kìkìkì bí ẹni tó sáré. Ojú wọn ti wú díẹ̀. Nígbà tí mo fi àtàńpàkò fa ìpéǹpéjú wọn sísàlẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Wọ́n rọra sọ fún mi pé àwọn ń jẹ ẹfun, àti pé bí ẹfun bá tán, àwọn a máa bu ilẹ̀ ọ̀gán tó wà lẹ́yìn ahéré jẹ. Àwọn kan nínú ilé ọkọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé ọ̀lẹ ti wọ̀ wọ́n lẹ́wù. Àwọn obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní tiwọn sọ pé oyún ni, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ó máa ń rẹ aboyún lóòótọ́, aboyún a sì máa jẹ ẹfun. Ṣùgbọ́n PCV wọn, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ìdá ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 22, nígbà tí kò yẹ kí ti aboyún lọ sílẹ̀ ju 33 lọ. Dókítà kọ̀wé pé kí a yẹ ìgbọ̀nsẹ̀ wọn wò.

Ọ̀nà tí a ń gbà ka ẹyin aràn nígbà náà ni èyí tí à ń pè ní Kato-Katz. A ó sẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀ náà, a ó fi kún ihò kékeré kan tó gba 41.7 miligíràmù, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sáàrin gíláàsì àti ọ̀rá pẹlẹbẹ kan tí a ti rẹ sínú gílísírìn, kí gílísírìn náà lè mú kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ mọ́ gaara, kí ojú sì lè rí ẹyin. Mo tẹ ti Ìyá Ìbejì ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n fi gbé àwọn tí ọkọ̀ wọn dojú dé wọlé, èmi nìkan ni mo sì wà tí mo lè yẹ ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ fà sí wọn lára wò. Aago kan ọ̀sán ti kọjá kí n tó padà sídìí máíkrósíkóòpù. Gíláàsì náà ti mọ́ rekete. Mo wò ó láti igun kan dé igun kejì, n kò rí nǹkan kan, mo sì kọ ohun tí mo kọ. Wọ́n fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì padà sí oko.

Lẹ́yìn oṣù méjì, PCV wọn ti di 19. Wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ náà lójoojúmọ́, ọkọ wọn jẹ́rìí sí i, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ń rìn lọ. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó gbà mí, mú ìwé àyẹ̀wò tí mo kọ lọ́wọ́, wọ́n sì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn kò gbé ohùn sókè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Aago mélòó lo tẹ̀ ẹ́, aago mélòó lo sì wò ó?”

Mo dáhùn, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó ṣàlàyé. Ẹyin aràn ńlá, èyí tó dà bí ekòló, ní èèpo tó nípọn tí gílísírìn kò lè ṣe ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n aràn kan wà tí àwọn oníṣègùn ń pè ní hookworm, tí èmi yóò máa pè ní aràn amùjẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi yìí nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, èèpo ẹyin tirẹ̀ fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ. Láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, gílísírìn tó ń mú ìdọ̀tí mọ́ gaara yóò ti mú ẹyin náà mọ́ gaara pẹ̀lú, débi pé kò sí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀ mọ́. Mo dé ìdí rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí rí nínú ìwé, mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ọwọ́ mi.

A gba ìgbọ̀nsẹ̀ mìíràn. Mo tẹ̀ ẹ́, n kò sì dìde lórí àga. Nígbà tí ó di ogún ìṣẹ́jú, mo fi ojú sí i, mo sì rí wọn káàkiri: ẹyin tó gùn díẹ̀ tí orí àti ìdí rẹ̀ rí róbótó, èèpo rẹ̀ kò ju ìlà tí a fi pẹ́ńsù fà lọ, nínú rẹ̀ sì ni sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin sí mẹ́jọ kóra jọ sí bí hóró àgbàdo nínú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo ka 190. A ní láti sọ ọ́ di ìlọ́po 24 kí a tó mọ iye tó wà nínú gíráàmù kan, ó sì jẹ́ 4,560. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ẹni tó bá ti dé 4,000 sí ẹni tí aràn yìí pọ̀ lápọ̀jù nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí aràn náà ń ṣe níbẹ̀, nítorí pé láìmọ̀ ọ́n, kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbà pé ohun kékeré báyìí lè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀. Oríṣi méjì rẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù lára ènìyàn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa ni Necator americanus, tí gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti hóró ìrẹsì lọ, nǹkan bíi mílímítà 7 sí 11, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìrẹsì lọ dáadáa. Inú ìfun kékeré ló ń gbé. Kò ní eyín bí ti èkejì rẹ̀, Ancylostoma duodenale, ṣùgbọ́n ó ní abẹ pẹlẹbẹ méjì lẹ́nu, èyí tó fi ń gé ara ìfun, tí yóò sì fa apá tó gé sẹ́nu, tí yóò máa mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ó ń tu omi kan sí ojú egbò náà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, nítorí náà nígbà tó bá kúrò níbẹ̀ lọ buni jẹ níbòmíràn, ojú egbò àkọ́kọ́ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹyọ kan ń fa nǹkan bíi mílílítà 0.03 nù lóòjọ́. Ancylostoma ní tirẹ̀ ń fa ìlọ́po márùn-ún ìyẹn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mílílítà 0.03 kò tó ẹ̀kán kan. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a ní ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló wà nínú ènìyàn: ó di mílílítà 3 lóòjọ́, 90 lóṣù, ó sì ju lítà kan lọ láàrin ọdún kan. Obìnrin tó ń jẹ ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tí ẹran inú rẹ̀ kò tó nǹkan, tó ti ń ṣe nǹkan oṣù kó tó lóyún, tó sì tún ń fún ọmọ inú rẹ̀ lára irin inú ẹ̀jẹ̀ náà, níbo ni yóò ti rí irin tí ara yóò fi dá lítà ẹ̀jẹ̀ padà? Ojú tó wú yẹn pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀tọ̀. Èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú kí omi dúró sínú iṣan ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ, omi yóò wá máa jò sí abẹ́ awọ. Ilẹ̀ ọ̀gán tí wọ́n ń jẹ, ara tó ń pọ̀ǹgbẹ irin ni ó sábà máa ń fa irú rẹ̀. Gbogbo àmì náà wà lójú mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nítorí pé oyún náà ti kọjá oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí a kì í lo oògùn aràn, dókítà fún wọn ní albendazole 400 miligíràmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fi kún oògùn ẹ̀jẹ̀ wọn. Kí oṣù kejì tó pé, PCV ti gòkè kọjá 27. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Ó kéré, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ròkè. Ní ọjọ́ tí mo lọ kí wọn, mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Ìbejì pé èmi ni mo ṣi àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ṣe, pé oṣù méjì tí wọ́n fi jìyà sí i wà lọ́rùn mi. Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n wá béèrè pé ṣé aràn náà ti tán nínú àwọn báyìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdáhùn yẹn ni àṣìṣe mi kejì.

Ọdún kan kò tíì pé tí rírẹ̀ náà fi padà. Mo ka ẹyin ìgbọ̀nsẹ̀ wọn láàrin ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì tún wà níbẹ̀, wọn kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀ tó láti máa fa ẹ̀jẹ̀. Bàbá Kékeré tẹ̀ lé aya wọn wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, “Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n oògùn yín pa ìyá aràn, kò pa ọmọ. Ohun tó bá ti ń gbé inú ènìyàn, ibẹ̀ náà ni yóò máa bímọ sí. Ẹ sì tún bá mi kìlọ̀ fún Ìyá Ìbejì kí wọ́n dín ohun dídùn kù.”

Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré. Ìyá mi gan-an a máa gba súgà lọ́wọ́ wa nítorí aràn, ewúro ni wọ́n sì máa ń fún wa mu tí inú wa bá ń kùn. N kò kẹ́gàn wọn, nítorí ẹni tó rò pé aràn ń bímọ sínú ìfun ti ronú ohun tó bọ́gbọ́n mu, kàn jẹ́ pé aràn amùjẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin 5,000 sí 10,000 lóòjọ́, síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè di aràn nínú ẹni tó gbé e. Àfi kí ẹyin náà jáde, kí ó bá ilẹ̀ pàdé, kí ọmọ inú rẹ̀ dàgbà lórí ilẹ̀ kí ó tó lè padà sára ènìyàn. Nítorí náà, bí ọgọ́rùn-ún aràn amùjẹ̀ bá wà nínú ẹnì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún náà ló ti gba ilẹ̀kùn kan wọlé láti ìta. Mo ti mọ èyí pẹ̀lú nínú ìwé. Ọjọ́ tí Bàbá Kékeré bá mi sọ̀rọ̀ ni mo tó bi ara mi pé: níbo ni ilẹ̀kùn náà wà?

Mo bá wọn lọ sí oko ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Kò sí ṣáláńgá níbẹ̀. Bí ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń gbọn ẹnikẹ́ni, ìdí kòkó tó wà lẹ́yìn ahéré ló ń lọ, nítorí ewé bò ó, kò sì sí ẹni tó lè rí ènìyàn níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà odò gbà kọjá. Ewé kòkó tó ti já ti di ìpele lórí ilẹ̀, abẹ́ rẹ̀ tutù ní ọ̀sán gangan, oòrùn kò sì ráyè wọlé. Ìyá Ìbejì a máa bọ́ sálúbàtà wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó gba ọ̀nà náà, torí pé ẹrẹ̀ a máa fà á já. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ́ ilé fún ọmọ aràn, n kò mọ ibi tí yóò ti rí ilẹ̀ tó dára ju ìyẹn lọ.

Ní ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ní ọ̀rinrin, tí òjìji wà lórí rẹ̀, ẹyin náà yóò pa láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Ọmọ aràn tó jáde á máa jẹ kòkòrò àìfojúrí inú ìgbọ̀nsẹ̀ náà, á bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ó bá sì di nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá, á di èyí tó lè gún awọ ènìyàn. Láti ìgbà yẹn, kò tún jẹun mọ́. Ọ̀rá tó ti kó sára ló ń ná, ó sì lè fi bẹ́ẹ̀ wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin bí ilẹ̀ kò bá gbẹ. Á gun orí erùpẹ̀ tàbí ewé tútù, á na ara sókè, á sì máa dúró de ẹsẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, tí ó sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, á gba àárín ọmọ ìka tàbí ojú ihò irun wọlé. Ibẹ̀ á yún ènìyàn fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn àgbẹ̀ á sì sọ pé omi ẹrẹ̀ ló jẹ àwọn lẹ́sẹ̀.

Kì í lọ sí ìfun tààrà, èyí sì ni apá tó máa ń ya àwọn tí mo ń ṣàlàyé fún lẹ́nu jù lọ. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló máa ń bọ́ sí, ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ọkàn, ọkàn á tì í sí ẹ̀dọ̀fóró. Níbẹ̀ ni yóò ti já sínú àpò afẹ́fẹ́, tí yóò gba ọ̀nà èémí gòkè dé ọ̀fun, tí ènìyàn yóò sì gbé e mì láìmọ̀. Ìgbà yẹn ló tó dé ìfun, tó di ọkọ tàbí abo, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí mu ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ tó gba ẹsẹ̀ wọlé títí ẹyin rẹ̀ yóò fi hàn nínú ìgbọ̀nsẹ̀, ó gbà tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Ìbejì rántí ẹsẹ̀ yíyún náà dáadáa, wọ́n sì rántí ikọ́ gbígbẹ kan tó tẹ̀ lé e.

Ọkọ wọn kò gbà. Wọ́n ní bí aràn bá ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá, gbogbo àgbẹ̀ ni ìbá ti kú. N kò bá wọn jiyàn. Mo gba díẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ àárọ̀ láti ilé wọn, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ìwé tín-ínrín kan tí a fi ń sẹ́ omi, mo sì fi ìwé náà sínú ìgò àyẹ̀wò tẹ́ẹ́rẹ́ tí omi díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, débi pé ìdí ìwé nìkan ló kan omi. Mo dé e, mo sì gbé e síbi tí ooru kò ti pọ̀ jù. Ní ọjọ́ kẹwàá, omi ìsàlẹ̀ náà ti kún fún ohun tó ń lọ́ bí òwú funfun kéékèèké. Mo ránṣẹ́ pe Bàbá Kékeré, mo sì mú kí wọ́n fi ojú ara wọn wo inú máíkrósíkóòpù. Wọ́n wò ó títí.

“Ṣé èyí ló wà nínú ìyàwó mi?”

“Rárá, sà. Èyí ló wà lójú ọ̀nà odò, tó ń dúró dè wọ́n.”

Wọ́n tún wò ó. Nígbà tí wọ́n gbé ojú kúrò, ohun tí wọ́n béèrè ni iye alágbàṣe tó wà lóko lọ́dún yẹn, wọ́n sì fúnra wọn kà á lórí ìka. Ibi tí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ni wọ́n ti dé yẹn, láìjẹ́ pé mo darí wọn.

Ìwọ̀nba ohun tí mo kà lẹ́yìn ìgbà náà fi hàn mí pé kì í ṣe àwa nìkan ni ilẹ̀kùn yìí ṣòro fún láti rí. Dókítà ará Ítálì kan, Angelo Dubini, ti rí aràn náà nínú òkú obìnrin kan ní Milan ní 1838, ṣùgbọ́n fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ẹnu ni gbogbo ènìyàn rò pé ó ń gbà wọlé. Ní 1880, àwọn tó ń gbẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gba abẹ́ òkè Gotthard kọjá ní Swítsàlandì ń funfun, wọ́n ń kú, a sì rí i pé aràn yìí ni. Inú ihò náà gbóná, ó ní ọ̀rinrin, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń yàgbẹ́ sí. Oko kòkó Bàbá Kékeré ni mo rí nígbà tí mo ka ìtàn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yìnyín ló bo orí òkè wọn. Ní 1898 ni Arthur Looss, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Káírò, da omi tí ọmọ aràn wà nínú rẹ̀ sí ọwọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Ọwọ́ náà yún un, ó pọ́n. Ó fura, ó ń yẹ ìgbọ̀nsẹ̀ ara rẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí ẹyin aràn fi hàn níbẹ̀. Òun ló padà tọ ipa ọ̀nà náà láti awọ ara dé ẹ̀dọ̀fóró dé ìfun.

Èyí tó kan mi jù ni ti Amẹ́ríkà. Ní 1902 ni Charles Stiles fún oríṣi tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni apani ará Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà ló bá dé ibẹ̀, àwọn ènìyàn wa sì wà lára àwọn tí a kó. Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà níbẹ̀, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú jọ ní in nínú oko òwú, àwọn ìwé ìròyìn sì sọ ọ́ ní kòkòrò ọ̀lẹ. Mo ka gbólóhùn yẹn, mo sì rántí ohun tí wọ́n ń sọ nípa Ìyá Ìbejì ní ilé ọkọ wọn. Nígbà tí John D. Rockefeller fi dọ́là mílíọ̀nù kan lélẹ̀ ní 1909 láti gbógun tì í, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lóògùn, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé níbi tí kò bá ti sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aràn ń padà sára àwọn tó ti lo oògùn. Ẹnu ọ̀nà Bàbá Kékeré ni mo ti kọ́kọ́ rí ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ní láti tọrọ àforíjì fún lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tí mo ti bá sọ̀rọ̀ aràn rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí mo ń sọ fún wọn kò ju pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ó dára, ó sì pọn dandan, nítorí ẹyin aràn ńlá ń gba ẹnu wọlé, Ancylostoma náà sì lè bá ẹ̀fọ́ tí a kò fọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọ ọwọ́ mọ́ tónítóní tó sì rìn láìwọ bàtà ní ìdí kòkó kò tíì ti ilẹ̀kùn tí aràn amùjẹ̀ sábà ń gbà. Bàtà náà kò sì tó. Ẹni tó ń fi ọwọ́ tu koríko ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ kan náà, ọmọ tí a gbé jókòó sórí ilẹ̀ ń fi ìdí kàn án. Ó dá mi lójú pé ibi tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń lọ ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Aràn tó wà nínú ìfun lè pẹ́ ní ọdún kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó kú fúnra rẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá da ẹyin tuntun sílẹ̀ láàrin ìgbà náà, ilẹ̀ á mọ́.

Bàbá Kékeré àti àwọn alágbàṣe wọn gbẹ́ ṣáláńgá kan sí apá òkè ahéré, jíjìn rẹ̀ ju ìdúró ènìyàn lọ, wọ́n fi igi tẹ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n sì ṣe ìdérí fún un. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn lo albendazole, àtọmọdé àtàgbà, títí kan àwọn alágbàṣe, nítorí ẹnì kan tó bá kù lè gbin ẹyin sílẹ̀ fún gbogbo wọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lo ìdajì, 200 miligíràmù, èyí tí kò sì tíì pé ọdún kan kò lò ó rárá. Àwọn alágbàṣe kò kọ́kọ́ lo ṣáláńgá náà dáadáa. Kì í ṣe agídí. Ó jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń gbọn kò lè rin ìrìn ìdajì wákàtí. Bàbá Kékeré fúnra wọn ló rí èyí, wọ́n sì ní kí wọ́n gbẹ́ òmíràn sí òdìkejì oko. Wọ́n tún yí ọ̀nà odò padà kúrò ní ìdí kòkó náà.

Mo tún ka ìgbọ̀nsẹ̀ Ìyá Ìbejì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àti lẹ́yìn ọdún kan. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo rí ẹyin mẹ́ta. Ní ìgbà kejì, mo jókòó tì í láti ìṣẹ́jú kìíní, mo wo gíláàsì méjì dípò ọ̀kan, n kò sì rí nǹkan kan. PCV wọn jẹ́ 35. Mo kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn sórí ìwé, mo sì kọ aago tí mo tẹ̀ ẹ́ àti aago tí mo wò ó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí mo ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá gbé ìgbọ̀nsẹ̀ wá láti ìgbà náà.

Ní oṣù tó kọjá, Bàbá Kékeré pè mí lórí fóònù láti oko. Ṣáláńgá àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, wọ́n fẹ́ gbẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kànga tuntun kan wà nítòsí báyìí, wọ́n sì fẹ́ mọ bí ó ṣe yẹ kó jìnnà sí i tó. Mo ní kó má dín ní mítà 30, kí ó sì wà ní apá ìsàlẹ̀ kànga, kì í ṣe apá òkè. Wọ́n ní kí n dúró. Mo ń gbọ́ ohùn wọn bí wọ́n ti ń ka ìṣísẹ̀ wọn sókè láti ẹnu kànga, Ìyá Ìbejì sì ń bá wọn kà á.